Ọ̀nà Kànga Bẹ́yẹrunká àti Ìdájọ́ Tó Padà Wá Bá Mi

Àdúgbò Àrẹ̀mọ nílùú Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, nínú agboolé tí àwọn ilé inú rẹ̀ sún mọ́ra débi pé bí ìyá mi bá ń yan ata lórí iná, ará ilé kejì á ti máa wúkọ́. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ òfin tí wọ́n sì gbà mí wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò, púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ jáde ló gba Èkó àti Àbújá lọ. Èmi padà sí ìgboro Ìbàdàn. Ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ ní yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní ìsàlẹ̀ Mápó, níbi tí ariwo àwọn tó ń ta aṣọ òkirika ti máa ń bá wa jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ débi pé wíìgì rẹ̀ ti pọ́n. Kì í pariwo, kì í sì í kánjú. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń bí i nínú ni kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ lórí ìdájọ́ tí kò kà tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ púpọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àwọn obìnrin kan wọlé, ògì tó ti gbẹ ṣì funfun létí ìró wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló ṣáájú. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni gbogbo àdúgbò Bẹ́yẹrunká ń pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́yà la wá rí," ó ní, ojú ọ̀gá mi ló sì ń wò.

Ọ̀gá mi nawọ́ sí mi. "Lọ́yà yín rèé, Màámi."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tí kò retí obìnrin. "Ọmọ ibo ni ẹ́?"

Mo sọ agboolé wa fún un. Ojú rẹ̀ tú ká.

"Ọmọ Àrẹ̀mọ! Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọmọ Àrẹ̀mọ ní ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ èèyàn."

Wọ́n jókòó, wọ́n sì ro ẹjọ́ wọn. Iṣẹ́ ẹ̀kọ ni gbogbo obìnrin agboolé wọn ń ṣe. Kànga kan wà lẹ́yìn ilé wọn tí omi rẹ̀ kì í gbẹ, omi yìí ni wọ́n fi ń sẹ́ ògì, òun náà ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ tí wọ́n ń dì sínú ewé eéran, tí wọ́n ń gbé lọ sí Ọjà'ba. Ọ̀nà tóóró kan ló gba ẹ̀gbẹ́ ilé alámọ̀ àtijọ́ kan kọjá dé ìdí kànga náà. Oníṣòwò kan tó ń ta táìsì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé ra ilé yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹni tó ni ín. Kò pẹ́ tó rà á tó fi ri géètì onírin mọ́ ìparí ọ̀nà náà, tó sì fi àgádágodo há a. Ó ní inú ilẹ̀ tí òun rà ni ọ̀nà wà.

"Omi tí mò ń rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà ń rùn bí irin," ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà sọ. "Àwọn oníbàárà mi ti ń bi mí bóyá mo ti yí iṣẹ́ padà."

Ìmáàmù àdúgbò ti bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, mọ́gàjí ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ sí kóòtù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá.

Mo pe ẹjọ́ náà sí kóòtù gíga, inú mi sì ń dùn, torí lójú tèmi, ẹjọ́ tí kò le ni. Inú dídùn yẹn ò pẹ́. Lọ́yà tó dúró fún oníṣòwò táìsì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó jẹ́ kí n rojọ́ tèmi tán, ó dìde, ó tún gáùn rẹ̀ ṣe, ó sì gbé ìdájọ́ kan kalẹ̀ tí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ti dá tipẹ́tipẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ̀rọ̀, ògbifọ̀ sì ń tú u fún àwọn ìyá tó jókòó sẹ́yìn.

"Olúwa mi, ọ̀rọ̀ yìí ti parí kí a tó dé ibí," ó ní. "Kóòtù tó ga ju tiwa lọ ti sọ pé ẹni tó bá ń gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá, bó ti wù kó pẹ́ tó, ọ̀nà náà ò lè di tirẹ̀. Ọwọ́ wa ò gbà á láti sọ ohun mìíràn."

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sún ẹjọ́ síwájú, ó ní kí n lọ fèsì sí i. Bí a ṣe ń jáde, Ìyá Ẹlẹ́kọ fà mí lápá.

"Kí ni ìyẹn ń wí? Ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn tí a ò mọ̀ rí, báwo ló ṣe kan tiwa?"

Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí kò bá kóòtù pàdé rí á rò pé ńṣe ni adájọ́ ń wo ojú àwọn méjì tó ń jà, tó sì ń sọ èyí tí ọkàn rẹ̀ bá gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí kóòtù tó ga ju tirẹ̀ lọ bá ti dá a, ó di dandan kó tẹ̀lé e, ì báà wù ú, ì báà má wù ú.

Ilé wa ni mo ti kọ́kọ́ rí èyí, kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ òfin. Ìyá tó bí ìyá mi ló máa ń parí ìjà gbogbo àwọn ọmọ agboolé. Kì í na ẹnikẹ́ni kó tó bèèrè pé, "Kí la ṣe níjọ́sí?" Ó ti dá a pé ọmọ tó bá fọ ìkòkò ló ni ìrẹsì tó gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, láti ọjọ́ náà a ò jà sí i mọ́. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ á yára lọ wá kànrìnkàn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ rí já jẹ àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò rí jẹ, ọ̀kan náà ni wọ́n níwájú ìkòkò yẹn. Àmọ́ ọjọ́ kan wà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, kò fẹ́ jẹ ohunkóhun láyé àfi ìsàlẹ̀ ìkòkò. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà ronú títí, ó sì ní tèmi ni. Mo jẹ ẹ́, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu, ọmọ náà sì yíjú sí ògiri. Gbogbo ohun tí mo wá kà ní yunifásítì nípa àǹfààní àti ìpalára títẹ̀lé ìdájọ́ àtijọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn lọ.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo jókòó bí ẹni tí òjò pa. Ọ̀gá mi gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè.

"Ìdájọ́ tó gbé wá yẹn, ṣé o ti kà á?"

"Mo ti kà á, sà. Kóòtù sọ pé wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀nà."

"Ohun tí wọ́n sọ ní ìparí lo kà yẹn. Mo ní ṣé o ti kà á láti orí dé ìdí?"

Ó na ìwé náà sí mi.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo jókòó sí gbàgede ilé wa, mo sì kà á láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Oko kòkó ni wọ́n ń jà sí níbẹ̀. Àwọn ará abúlé kan ló ń gba inú oko náà kọjá lọ sí odò. Ó kù díẹ̀ kí n parí ìwé náà ni mo rí ohun tí lọ́yà yẹn kò mẹ́nu bà: ọdọọdún ni àwọn ará abúlé náà máa ń gbé iṣu àti epo lọ fún ẹni tó ni oko, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní kó jẹ́ kí àwọn kọjá lọ́dún náà pẹ̀lú. Nítorí èyí ni kóòtù fi sọ pé ẹni tó ń tọrọ ààyè lọ́dọọdún ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tòun.

Mo fò dìde. Ìyá mi, tó ń gbálẹ̀, bi mí bóyá kòkòrò ló ta mí.

Mo gba Bẹ́yẹrunká lọ láìjẹun. Ìyá Ẹlẹ́kọ ń da ògì sínú asẹ́ nígbà tí mo dé.

"Màámi, ṣé ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn onílé yẹn rí? Ṣé ẹ fún wọn ní nǹkankan rí, kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ kọjá?"

Ó sọ asẹ́ kalẹ̀. "Ọ̀nà ti wà kí wọ́n tó kọ́lé. Ta la fẹ́ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni. Àwọn ọmọ onílé ti sọ ní kóòtù pé ilé bàbá àwọn ló kọ́kọ́ wà, pé àánú ló mú kí bàbá àwọn jẹ́ káwọn obìnrin máa kọjá. Àwọn tí wọ́n fojú rí i nígbà tí wọ́n ń kọ́lé ti kú tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ọ̀nà náà, mò ń lọ, mò ń bọ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí géètì ti dí i. Ọmọbìnrin kan ń bọ̀ níwájú mi, ó ru bàsíà ògì. Mo fara mọ́ igun ilé kí n lè yà fún un, ẹ̀yìn mi sì kan ibì kan tó rọra yí bí ara ìkòkò.

Mo yí padà wò ó. Mo wo igun ilé yòókù. Gbogbo wọn ló mú ṣáṣá, bí igun ilé ṣe yẹ kó rí. Èyí tó kọjú sí ọ̀nà kànga nìkan ló rí roboto, láti ilẹ̀ títí ga ju orí mi lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ara àwọn tó ń kọjá ló jẹ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní ìdí ògiri. Àwọn òkúta ìpìlẹ̀ pàápàá, wọ́n tò wọ́n ní títẹ̀ ni. Ẹni tó mọ ilé yìí ti mọ̀, kó tó gbé amọ̀ àkọ́kọ́ lé òkúta, pé àwọn tó ru omi yóò máa yí igun náà kọjá, kò sì fẹ́ kí ìkòkò wọn fọ́ mọ́ ògiri rẹ̀.

Mo kígbe pe Ìyá Ẹlẹ́kọ. Gbogbo wọn sáré jáde pẹ̀lú ògì lọ́wọ́, wọ́n bá mi lórí ìkúnlẹ̀, suùtù kóòtù mi kún fún erùpẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ adájọ́ pé kó wá wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gbà. Ọjọ́ tó wá, gbogbo Bẹ́yẹrunká ló wà lójú fèrèsé. Adájọ́ rìn wọ ọ̀nà tóóró náà nínú bàtà dúdú rẹ̀, ó dúró síbi igun ilé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àwọn òkúta. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí lọ́yà kejì.

"Lọ́yà, kí lẹ rò pé ẹni tó mọ ilé yìí ń yẹ̀ fún?"

Ọkùnrin náà wo ògiri pẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un títí dòní nítorí ìdáhùn rẹ̀.

"Olúwa mi, ó jọ pé ọ̀nà ló ń yẹ̀ fún."

Nígbà tí ọjọ́ ìdájọ́ pé, adájọ́ kò sọ pé ìdájọ́ oko kòkó kò dára. Ó ní òun tẹ̀lé e pátápátá. Ó ní àwọn ti ibẹ̀ tọrọ ààyè, àwọn ti ibí kò tọrọ rárá, torí ọ̀nà ti wà nílẹ̀ kí ilé tó dé. Ó wá fi gbólóhùn kan kún un tí mo há sórí lójú ẹsẹ̀: "Àwọn tó ń kọjá tí wọn kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tiwọn ni ọ̀nà." Ó pàṣẹ kí wọ́n yọ géètì.

Ẹ̀rín àti ẹkún dàpọ̀ níbi tí àwọn ìyá jókòó sí lẹ́yìn. Akọ̀wé kóòtù ní kí wọ́n dákẹ́, òun náà ò lè pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ra. Ọjọ́ tí wẹ́dà wá gé géètì náà, mo wà níbẹ̀. Bí irin náà ṣe ṣubú, Ìyá Ẹlẹ́kọ kò dúró kí wọ́n gbé e kúrò. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e kọjá, ó ju okùn sínú kànga, ó fa omi, ó bu díẹ̀ mu, ó sì da èyí tó kù sí ara wa. Àwọn obìnrin yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n ń kọrin, kẹ́ẹ̀gì àti garawa ń lu ara wọn. Èmi náà ru garawa kan. Ọrùn dùn mí fún ọjọ́ mélòó kan, n kò ráhùn. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ gbígbóná ti ń dé ọ́fíìsì wa ní àràárọ̀, tí ọ̀gá mi ń ṣe bí ẹni pé òun ò mọ ibi tó ti ń wá.

Wọ́n tẹ ìdájọ́ náà sínú ìwé tí àwọn agbẹjọ́rò máa ń yẹ̀ wò. Mo ra ẹyọ kan, mo sì fi han ìyá mi. Kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ó kàn ń fi ìka tọ ibi tí orúkọ mi wà lójú ìwé. Bí mo bá wọ kóòtù, àwọn tí n kò mọ̀ rí á kí mi pé, "Ìyá ọ̀nà kànga!" Ẹ̀rù tó máa ń bà mí tí mo bá dìde níwájú adájọ́ lọ.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bàbá kan gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa. Fìlà ló ń rán ní Òkè Pádrè, òwú àti abẹ́rẹ́ ṣì wà lára àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó bí mi.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ìdájọ́ ọ̀nà kànga?"

"Èmi ni, Bàbá," mo dáhùn, mo sì ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Òun ni wọ́n fi gba ọgbà mi lọ́wọ́ mi."

Mo fún un ní ìjókòó. Ó ṣàlàyé láìbínú. Òjò ńlá kan ló wó ògiri ọgbà rẹ̀. Àìsàn ń ṣe é nígbà náà, kò lè tún un mọ. Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé síbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àárín ọgbà já sí títì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Nígbà tó yá, ọ̀kadà náà ń gba ibẹ̀, wọ́n ń tẹ ewébẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tó pe bíríkìlà láti tún ògiri mọ, wọ́n pè é lẹ́jọ́. Kóòtù kékeré kan ni ẹjọ́ náà dé. Adájọ́ ibẹ̀ ka gbólóhùn tí mo há sórí: àwọn tó ń kọjá tí wọn kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tiwọn ni ọ̀nà. Àwọn wọ̀nyí kò tọrọ ààyè. Ó sì dá wọn láre.

N kò lè bínú sí adájọ́ náà. Kóòtù tó ga ju tirẹ̀ lọ ti sọ̀rọ̀, ó sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ bàbá yìí tó ń tún abẹ́rẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ gún, mo sì rí i pé ohun tó gbé omi dé ìdí ìkòkò àwọn kan ti gba ojúlé ẹlòmíràn. Mo sọ fún un pé màá bá a pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Ọ̀gá mi gbọ́ láti yàrá rẹ̀. "Ìdájọ́ ara rẹ lo fẹ́ lọ bá jà?"

"Rárá, sà. Wọn ò kà á tán ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kì í sábà gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ó dáa. Máa lọ."

Ìgboro Ìbàdàn kò mọ ọ̀rọ̀ í fi pamọ́. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí Ìyá Ẹlẹ́kọ fi dé, kò sì gbé ẹ̀kọ lọ́wọ́.

"Wọ́n ní o fẹ́ lọ wó ẹjọ́ wa. Ṣé kí wọ́n padà wá ti ọ̀nà mọ́ wa ni?"

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Tiyín ti parí, kò sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n má fi ṣe ẹlòmíràn ní ibi."

Ó fa àga, ó jókòó. "A ti ń fi owó àjọ wa kọ́ ilé ìdáná tuntun sítòsí kànga yẹn," ó ní. "Ọkàn wa balẹ̀ pé adájọ́ kankan ò ní jí lọ́la kó ní òun ti yí èrò padà. Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Kò sí ìwé tí mo kà tó sọ ìwúlò ìdájọ́ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bí adájọ́ bá ń sọ tuntun lójoojúmọ́, ta ló máa kọ́ ilé ìdáná? Síbẹ̀, bí wọn kò bá sì wo ohun tó yàtọ̀ nínú ẹjọ́ kan sí èkejì, ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ á máa yíjú sí ògiri. Ohun méjèèjì ni mo gbé lọ sí kóòtù.

Kóòtù gíga ló ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láti kóòtù kékeré, iwájú adájọ́ tó wá sí Bẹ́yẹrunká gan-an ni tiwa sì bọ́ sí. Ó mọ̀ mí. Ó wo fáìlì, ó wo ojú mi.

"Agbẹjọ́rò, ìdájọ́ tí ẹ fúnra yín gbà lọ́wọ́ mi, ṣé òun lẹ tún wá ní kí n jù nù?"

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Mo dúró kí ẹ̀rín náà parí.

"Rárá, Olúwa mi. Mo fẹ́ kí kóòtù yìí di ìdájọ́ náà mú gírígírí ni. Ṣùgbọ́n kí a dì í mú látòkèdélẹ̀, kì í ṣe gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Olúwa mi fọwọ́ pa igun ilé kan lọ́jọ́ náà. Ní Òkè Pádrè, kò sí igun kankan tí ẹnikẹ́ni mọ láti yẹ̀ fún ọ̀nà. Ògiri ló wà níbẹ̀, òjò ló wó o. Bí wọn kò bá tọrọ ààyè lọ́wọ́ bàbá yìí, sùúrù rẹ̀ ló fà á. Bí a bá wá fi sùúrù gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ní gbogbo ìgboro yìí, kò sẹ́ni tí yóò tún jẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ gba ojúlé òun kọjá mọ́."

N kò tíì sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ bí omi. Lọ́yà kejì sa gbogbo agbára rẹ̀, ó ní gbólóhùn náà kò fara sin, ó ní bí kóòtù bá ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, kí ni àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e yóò ṣe? Òun náà rí òótọ́ sọ. Adájọ́ ní kí gbogbo wa lọ, kí a padà wá gbọ́ ìdájọ́.

Ọjọ́ náà, bàbá aránfìlà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Adájọ́ tún gíláàsì rẹ̀ ṣe.

"Èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn," ó ní. "Ọ̀nà kan ni mo ń wò nígbà tí mo kọ ọ́. Ìdí tí mo fi dá àwọn ẹlẹ́kọ láre ni pé ọ̀nà ló ṣáájú ilé. Níhìn-ín, ọgbà ló ṣáájú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé mi, ìdí tí mo rò ni kó tẹ̀lé, kó má kàn di ọ̀rọ̀ ẹnu mi mú." Ó da ìdájọ́ kóòtù kékeré nù. Ó ní kí bàbá máa tún ògiri rẹ̀ mọ.

Bàbá náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà dáadáa. Ó ń wo ẹnu ògbifọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀ ní Yorùbá, ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó fi bo ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Mo fọwọ́ lé e lẹ́yìn. Nígbà tó ṣí ojú, ẹ̀rín ló wà níbẹ̀.

"Lọ́yà, ó tán?"

"Ó tán, Bàbá. Tiyín ni."

A jáde sí oòrùn ọ̀sán. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, ariwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi létí. Ọ̀gá mi ti ń dúró lẹ́bàá ọkọ̀ rẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ní, "Agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí, kò sì fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gun òkè lọ sí Òkè Pádrè. Bíríkìlà ti dé, yanrìn ti wà nílẹ̀, wọ́n ti ta okùn sí ibi tí ògiri máa gbà. Mo rò pé ìjà á wà, n kò bá ìjà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ará ẹ̀yìnkùlé tó pe bàbá lẹ́jọ́ jáde, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé búlọ́ọ̀kù. Ìyàwó bàbá gbé omi tútù wá fún gbogbo wa, ará ẹ̀yìnkùlé náà sì gba tirẹ̀.

Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, ògiri náà ti dé àyà. Bàbá aránfìlà rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó ń fọwọ́ tẹ orí rẹ̀ níbi tí sìmẹ́ǹtì ti gbẹ. Ó wá dúró, ó gbé apá méjèèjì lé e, ó sì ń wo àwọn tó ń kọjá lójú títì, bí onílé ṣe máa ń wo ìta láti inú ọgbà ara rẹ̀.